Ṣé owó ló ń dìbò nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù?

Bí ìdìbò bá ti ń súnmọ́ lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ ó gbọ́ ọ: "Ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù ló yẹ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ta jù." Àwọn mìíràn á fi kún un pé ẹni tó bá ti yáwó ẹgbẹ́ kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́ títí yóò fi san tán. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú, nítorí mo ti rí ohun tó ń dá sílẹ̀.

Nínú ẹgbẹ́ kan tí mo wà, ìyá kan tó ń ta gàrí dìde láti dìbò yan akápò. Ó di káàdì owó rẹ̀ mú, ó ti fi ọ̀rá wé e kí òjò má baà bà á jẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń bójú tó ìdìbò gba káàdì náà, ó ṣí ibi tí wọ́n kọ ẹ̀yáwó sí, ó ní: "Ìyá, ẹ ṣì jẹ ẹgbẹ́ lówó. Ẹ lọ jókòó." Oṣù mẹ́rin ló kù kí ìyá náà san tán, kò sì fo oṣù kankan rí. Ó lọ jókòó. Kò sẹ́ni tó fọhùn, èmi náà kò fọhùn.

Ti owó púpọ̀ kò le. Láti 1844 tí àwọn èèyàn 28 ti dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Rochdale sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹnì kan, ìbò kan ti di ìlànà. Òfin ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti 1993 náà sọ ọ́: ìbò kan ni ọmọ ẹgbẹ́ ní, iye yòówù kí ṣíà rẹ̀, ìyẹn ìpín tó rà nínú ẹgbẹ́, jẹ́. Kódà, kò gbà kí ẹnì kan ṣoṣo ní ju ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ṣíà ẹgbẹ́ lọ. Ilé iṣẹ́ aládàáni ni wọ́n ti ń fi ṣíà ka ìbò. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, bí a bá ń pín èrè, ẹni tó dá púpọ̀ yóò gba púpọ̀, ṣùgbọ́n orí la ń kà bí a bá ń dìbò.

Ọ̀rọ̀ gbèsè ló le. Ẹni tó yáwó yàtọ̀ sí ẹni tó yáwó tó sì kọ̀ láti san. Kí la dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún bí kò bá ṣe ká lè rówó yá? Èlé orí ẹ̀yáwó wọ̀nyí gan-an wà lára èrè tí à ń pín lọ́dọọdún. Bí ẹni tó ń yáwó kò bá gbọdọ̀ dìbò, a jẹ́ pé àwọn tí kò nílò ẹgbẹ́ ni yóò máa yan olórí fún àwọn tó nílò rẹ̀. Mo ti béèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ alága ibi tí wọ́n ti rí òfin náà. "Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn" ni wọ́n máa ń dá mi lóhùn.

N kò sọ pé kò sí ẹni tí a lè dá dúró o. Ẹni tí kò tíì san owó tí ìwé ìlànà ẹgbẹ́ ní kó san kó tó di ọmọ ẹgbẹ́ kò tíì lè dìbò. Ìlànà ẹgbẹ́ míì sì lè de ẹni tí gbèsè rẹ̀ ti kọjá àsìkò. Òfin ìpínlẹ̀ náà kò rí bákan náà níbi gbogbo. Nínú àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́, aṣojú ló ń dìbò, ètò ibẹ̀ sì lè yàtọ̀. Ṣùgbọ́n inú ìlànà tí ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni irú ìdènà bẹ́ẹ̀ ti gbọ́dọ̀ wá. Àtúnṣe tí ìgbìmọ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri láàárọ̀ ìdìbò kò tíì di òfin.

Bí wọ́n bá dá yín dúró, ẹ má sáré lọ sílé ẹjọ́. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ìpínlẹ̀ ni òfin kọ́kọ́ darí irú aáwọ̀ báyìí sí. Ẹ kọ̀wé, kí ẹ fi ẹ̀dà káàdì yín tì í. Kí ìdìbò tó dé rárá, ẹ gba ẹ̀dà ìlànà ẹgbẹ́ yín, kí ẹ sì kà á.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi béèrè tiwa lọ́wọ́ akọ̀wé. Kò sí ìlà kankan níbẹ̀ tó ní kí ẹni tó ń san ẹ̀yáwó rẹ̀ déédéé má dìbò. Nígbà tí ìwé náà fi máa dọ́wọ́ mi, akápò tuntun ti gba kọ́kọ́rọ́ àpótí owó.