Dona: Oyè Obìnrin Láàárín Àwọn Potogí

Inú èdè Látìn ni oyè tí àwọn Potogí fi ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin, ìyẹn Dona, ti ṣẹ̀. Domina ni àwọn ará Róòmù ìgbàanì ń pe obìnrin tó jẹ́ olórí ilé, tí ẹrú àti ìránṣẹ́ ń gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Ara domus, tí í ṣe ilé, ni wọ́n sì ti fa orúkọ náà yọ. Nígbà tó pẹ́ lẹ́nu, ìró i àárín rẹ̀ já bọ́, ó di domna, kó tó wá di dona. Ọ̀kan náà ni orírun doña àwọn ará Spéìn àti dame àwọn Faransé, èyí tí màdáàmù tó wọ́pọ̀ lẹ́nu tiwa náà ti ṣẹ̀.

Oyè ààfin àti ti ilé ọlọ́lá ni Dona níbẹ̀rẹ̀, bí Dom ṣe jẹ́ fún ọkùnrin. D. ni wọ́n fi ń gé méjèèjì kúrú nínú ìwé, bíi ti D. Maria Kìíní tó gorí ìtẹ́ ní Pọ́túgàl ní 1777. Nígbà tó yá, Dona bọ́ sí ìgboro, Dom kò sì bá a lọ; èyí ló sì yani lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Bràsíl lónìí, ìyá tó ń ta àkàrà létí títì ní Salvador lè máa jẹ́ Dona Maria, ṣùgbọ́n Seu João, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni João, ni wọn yóò máa pe ọkọ rẹ̀, nítorí pé àwọn ọba, ọmọ ọba àti bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ni Dom ṣì wà fún.

Orúkọ àbísọ ni Dona máa ń ṣáájú, kì í ṣe orúkọ ìdílé: Maria da Silva yóò jẹ́ Dona Maria, kò ní jẹ́ Dona Silva. Ní Pọ́túgàl, ẹni tó bá ń bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú kì í pè é ní ìwọ, «A Dona Maria quer café?» ni yóò wí, ìyẹn ni pé ṣé Dona Maria fẹ́ kọfí, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀wọ̀ náà bá ní láti ga sí i, wọn a fi Senhora, ìyẹn ìyáàfin, ṣáájú Dona.

Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n ń lò fún obìnrin tó bá ni nǹkan, bíi dona da loja, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù. Ìtumọ̀ méjèèjì ló pàdé lára Yemọja ní Bràsíl, nítorí pé Dona Janaína ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é, wọ́n sì tún ń pè é ní dona do mar, ẹni tó ni òkun.