Pípa prósẹ́sọ̀ àtijọ́ tì

Pípa prósẹ́sọ̀ tì ni pé káwọn tó ń ṣe operating system bíi Windows, Linux tàbí macOS pinnu pé ẹ̀dà tuntun tí wọ́n bá gbé jáde ò ní ṣiṣẹ́ mọ́ lórí prósẹ́sọ̀ (ẹ̀yà tó dà bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà) kan tó ti pẹ́. Kọ̀ǹpútà náà ò bàjẹ́ o, ẹ̀dà tó wà lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀ á ṣì máa ṣiṣẹ́, àmọ́ tó bá yá ọ́pdéètì ààbò ò ní wá mọ́, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, torí ihò táwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí lẹ́yìn ìyẹn kò sẹ́ni tó máa dí i.

Nígbà míì prósẹ́sọ̀ ọ̀hún ò lè ṣe ohun tí wọ́n ń fẹ́ lóòótọ́. Ẹ wo prósẹ́sọ̀ 386 tí Intel gbé jáde ní 1985, tó jẹ́ pé òun ni Linus Torvalds fi bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991. Tí kernel, ìyẹn apá operating system tó ń darí gbogbo yòókù, bá fẹ́ kọ nǹkan síbi tí wọ́n ti sàmì sí nínú mẹ́mọ́rì pé kíkà nìkan ni, 386 ò ní dá a dúró, á jẹ́ kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni, torí náà àwọn tó ń kọ kernel ní láti fi kóòdù ṣọ́ ọ fúnra wọn, iṣẹ́ tí 486, prósẹ́sọ̀ tó tẹ̀ lé 386, ń ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá a dá sí i. Linux 3.8 tó jáde ní 2013 ló yọ 386 kúrò. 486 náà ò ní àṣẹ CMPXCHG8B tó bá Pentium, prósẹ́sọ̀ tó tẹ̀ lé e, dé ní 1993, bẹ́ẹ̀ prósẹ́sọ̀ tó bá pàdé àṣẹ tí kò mọ̀, ṣe ló máa kọ̀ ọ́, tó bá sì jẹ́ kernel ló ń lo àṣẹ yẹn, kọ̀ǹpútà ò ní bọ́ọ̀tù rárá.

Èyí tó ń fa àríyànjiyàn jù ni ibi tí prósẹ́sọ̀ ti lágbára àtiṣe é tí wọ́n sì ní àwọn ò fẹ́. Windows 11, tó jáde ní October 2021, ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà ààbò tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àṣírí inú kọ̀ǹpútà, ó sì fi ọ̀pọ̀ prósẹ́sọ̀ Intel ìran keje sílẹ̀, tí wọn ò tíì ju nǹkan bí ọdún márùn-ún lọ nígbà yẹn. Microsoft ní torí ààbò ni, ìdí gidi sì nìyẹn, ṣùgbọ́n àwọn kan gba ẹ̀yìn gbé e sórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí Windows 10 wá dé òpin ní October 14, 2025, kọ̀ǹpútà tí ara ẹ̀ ṣì le ló di ohun tí wọ́n fẹ́ kéèyàn sọ nù, ìyẹn ò sì dáa. Ẹ̀dà Windows 11 tí wọ́n ń pè ní 24H2 yàtọ̀ ní tiẹ̀, àṣẹ POPCNT ló ń lò, prósẹ́sọ̀ tí kò bá ní in ò lè gbé e láé.

Ní ti Linux, Debian 13 ti 2025, ọ̀kan lára oríṣi Linux, ò ní kernel fún prósẹ́sọ̀ 32-bit Intel (irú àtijọ́ tó ṣáájú 64-bit) mọ́. NetBSD, operating system míì, ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí 486.