Ọkọ̀ ojú irin Itakpe ń kún fọ́fọ́, kí ló dé tí owó ẹ̀ ò tó?

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé, láti Kàbà títí dé Ìsánlú. Torí pé iṣẹ́ ìṣirò owó ìrìnnà ni mò ń ṣe, ìbéèrè kan wà tí àwọn èèyàn wa ò yéé bi mí: "Bùrọ̀dá, rélùwéè tó ń lọ láti Itakpe sí Warri yìí, gbogbo ìgbà tá a bá wọ̀ ọ́ ló ń kún, àwọn míì ò tiẹ̀ rí tíkẹ́ẹ̀tì rà, ta ló wá ń kó owó ẹ̀ jẹ tí ìjọba fi ń sọ pé owó ò sí?" Ìbéèrè tó dáa ni, ó sì dùn mí pé a kì í dá àwọn èèyàn lóhùn lórí ẹ̀.

Ẹni tó gba ọ̀kadà ní háyà-pọ́ṣẹ́ẹ̀sì lè gbé èrò láti àárọ̀ dalẹ́ kó má rí nǹkan kan mú relé tó bá ti yọ owó oníọ̀kadà, owó epo àti owó táyà, bẹ́ẹ̀ náà ni rélùwéè. Owó tí wọ́n fi la ọ̀nà tí wọ́n fi ra ẹ́ńjìnnì wà lọ́tọ̀, owó díísù àti owó oṣù àti owó ẹ̀ṣọ́ wà lọ́tọ̀, owó ìtọ́jú náà wà láyè tiẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì èrò, tó bá gbìyànjú gan-an, owó ìrìn ojoojúmọ́ yẹn ló lè gbé, agbára káká ló sì fi máa gbé e. Japan tí gbogbo wa ń yìn, nígbà tí wọ́n fi máa pín rélùwéè ìjọba wọn sí kéékèèké ní 1987, gbèsè tó wà lọ́rùn ẹ̀ ti tó nǹkan bíi tírílíọ̀nù 37 yẹ́ẹ̀nì.

Tiwa tún ní wàhálà ti dọ́là. Ẹ wo ti Abuja sí Kaduna tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2016. Mílíọ̀nù 500 dọ́là la yá lọ́wọ́ báǹkì Exim ti Ṣáínà kún owó tá a fi ṣe é, èlé ẹ̀ jẹ́ 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ogún ọdún la máa fi san án, wọ́n sì fún wa ní ọdún méje ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ojú owó, ìyẹn owó tá a yá gan-an, padà. Gbèsè tó rọjú ni, kò sẹ́ni tó máa yá wa ní ọjà lówó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: èlé ọdún kan lórí gbogbo owó yẹn jẹ́ mílíọ̀nù 12.5 dọ́là. Ní 2010 tá a tọwọ́ bọ̀wé, tí dọ́là kan wà ní nǹkan bíi 150 náírà, kò tó bílíọ̀nù méjì náírà. Ní 2024 tí dọ́là lé ní 1,500, iye dọ́là kan náà yẹn ti ń lọ sí bílíọ̀nù 19. Òótọ́ ni pé a ti ń dá ojú owó padà kí èlé lè dín kù, ṣùgbọ́n dọ́là náà la fi ń dá a padà. Nínú ìwé àjọ oníṣirò ìjọba àpapọ̀, ìyẹn NBS, gbogbo owó tíkẹ́ẹ̀tì tí èrò san ní gbogbo Nàìjíríà ní 2023 jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.4 náírà. Náírà la fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Gbèsè yìí kì í sì í dúró dè wá. Nígbà tí àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ Abuja sí Kaduna ní oṣù kẹta 2022, ọ̀nà yẹn ò ṣí mọ́ títí di oṣù kejìlá, gbèsè ń lọ, owó oṣù ń lọ, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì kankan.

Kí ló wá ń mówó wọlé? Ẹrù ni. Ọ̀nà Itakpe sí Warri yìí, torí ẹrù ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1987, kó lè máa gbé òkúta irin láti Itakpe lọ sí Ajaokuta àti sí iléeṣẹ́ irin tó wà ní Aladja. Ìgbà tí wọ́n fi máa ṣí i ní 2020, iṣẹ́ irin ò rí bí wọ́n ṣe rò ó, èrò ló wá ń gbé ọ̀nà tí wọ́n ṣe fún ẹrù. Wágọ́ọ̀nù kan lè gbé tó tọ́ọ̀nù 60, ogún irú ẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì kan ń fà, tọ́ọ̀nù 1,200 nìyẹn, tí ẹ bá sọ ọ́ di símẹ́ńtì, trélà 40 tó kó 600 àpò ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba ọ̀nà Obajana sí Kàbà mọ ohun tí mò ń sọ. Iléeṣẹ́ Dangote, tó ń ṣe símẹ́ńtì ní Obajana, ló fi kọnkéré ṣe ọ̀nà yẹn, ìjọba sì gbà kí wọ́n yọ owó ẹ̀ nínú owó orí wọn, ìyẹn ni pé àpò gbogbo wa náà ló ti jáde. Ṣé ẹ mọ̀ pé tí ẹrù orí ásù kan, ìyẹn irin tó so táyà ọ̀tún pọ̀ mọ́ tòsì, bá di ìlọ́po méjì, bó ṣe máa ba ọ̀nà jẹ́ máa ń tó ìlọ́po 16? Àdánù rélùwéè wà nínú ìwé, gbogbo èèyàn ló lè kà á kí wọ́n sì bú u. Ti trélà, inú kòtò ojú títì ló wà, kò sẹ́ni tó ń pè é ní àdánù.

Ní ti owó ìtọ́jú, ibẹ̀ ló ń ká mi lára jù. Ẹ wo abẹ́ irin lọ́jọ́ kan. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n dà síbẹ̀ ló ń gbé ìwúwo ọkọ̀, òun náà ló ń jẹ́ kí omi òjò ṣàn kọjá. Tí ẹrẹ̀ bá dí àárín ẹ̀ tí wọn ò tètè kó o, kọnkéré tó wà lábẹ́ irin á máa fò sókè sódò bí ọkọ̀ bá ṣe ń kọjá, irin á wọ́, dírẹ́bà á dín eré kù, ọkọ̀ tó yẹ kó lọ kó bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ á di ẹ̀ẹ̀kan, owó tíkẹ́ẹ̀tì á já sí ìdajì, owó oṣù ò ní dín kọ́bọ̀. Owó kékeré ni wọ́n ì bá fi kó ẹrẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n kò sí gómìnà tàbí mínísítà tó ń gé ríbọ́ọ̀nù nítorí òkúta tí wọ́n fọ̀, nítorí náà, tí bọ́jẹ́ẹ̀tì bá ti dín, ibẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ gé.

Láti 2023 ni àtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè ti gba àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti ṣe rélùwéè tiwọn, ẹnì kan á sì wá bá wa níbi ìpolongo, á ní òun máa mú u dé Kàbà. Ẹ bi í pé ẹrù wo ló máa gbé, ta ló máa san owó ìtọ́jú ní ọdún kẹwàá, ṣé náírà ni àbí dọ́là ni gbèsè ẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi, ẹ̀ka kan láti ojú irin Itakpe lọ sí Obajana ni mo máa kọ́kọ́ ṣírò, kí àwọn tó ni símẹ́ńtì sì ti tọwọ́ bọ̀wé iye tọ́ọ̀nù tí wọ́n máa fún un gbé lọ́dọọdún kí ẹnikẹ́ni tó lọ yá kọ́bọ̀.