Máńgòrò inú gàrí: kí ló mú un pọ́n?

Nílé wa, inú gàrí ni máńgòrò ti ń pọ́n. Bí ìjì bá ti já èyí tó gbó ṣùgbọ́n tí kò tíì pọ́n lulẹ̀, ìyá mi á ṣà wọ́n, á nù wọ́n gbẹ, á wá rì wọ́n mọ́ àárín àpò gàrí bí ẹni tó ń sin owó. Ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin, ó ti rọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti pọ́n yòò, òórùn rẹ̀ sì ti gba gbogbo yàrá. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá gàrí ló ṣe é. Ta ni yóò béèrè? Ojú gbogbo wa ló ṣe. Àwa ọmọ tilẹ̀ mọ ìdí rẹ̀: ooru inú gàrí ló ń sè é díẹ̀díẹ̀.

Lọ́dún kan, mo fi ọ̀kan pamọ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù kí ẹ̀gbọ́n mi má baà rí i, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ìgbà tí mo máa rántí, ó ti pọ́n. Kò sí gàrí lórí kọ́bọ́ọ̀dù o, eruku nìkan ló wà níbẹ̀. Mo jẹ ẹ́, mi ò sì ronú kan nǹkan kan. Ó tó ọdún mélòó kan kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rí ni mo jẹ yẹn.

“Mo lò ó, ó sì ṣiṣẹ́.” Gbólóhùn yìí ni wọ́n fi ń ta oògùn nínú bọ́ọ̀sì, òun ni a fi ń polówó ọṣẹ lórí WhatsApp, òun náà la fi ń gba ara wa nímọ̀ràn lórí irun, lórí adìyẹ, lórí ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó ń sọ ọ́ kì í sábà parọ́. Ó lò ó lóòótọ́, ohun tó ń retí sì ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí kò rí, tí kò sì lè rí, ni ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní kò lò ó. Ọ̀fìnkìn tó máa lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan yóò lọ, ẹ mu àgbo, ẹ mu tíì, ẹ kàn jókòó ni o.

Bí a bá fẹ́ rí ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ yẹn, àfi kí a wá òmíràn tó jọ ọ́, kí a má fi nǹkan náà sí i, kí a wá máa wo méjèèjì pọ̀. Òmíràn yìí ni àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ń pè ní kọ́ńtíróòlù. Èmi á máa pè é ní ìfiwéra, torí iṣẹ́ tó wà fún nìyẹn.

Ibí gan-an ni ìgbàgbọ́ òdì tó ń dùn mí jù ti ń wọlé, inú kíláàsì ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi ọmọ SS2 pé kí ni kọ́ńtíróòlù, á ní: “Èyí tí a kò ṣe nǹkan kan sí ni, sà.” Èmi náà ti kọ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n tilẹ̀ fún mi ní máàkì.

Ẹ jẹ́ ká fi ata wò ó. Ẹnì kan gbọ́ pé omi tí a fi ṣan ìrẹsì ń mú kí ata ṣe dáadáa. Ó gbin ata sínú ike méjì. Láràárọ̀ ló ń bu ife omi ìrẹsì kan sí ìkíní. Èkejì ni kọ́ńtíróòlù, nítorí náà kò ṣe nǹkan kan sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ata ìkíní dúdú mìnìjọ̀, ti èkejì ti rọ jọwọrọ. Ó ya fọ́tò méjèèjì, ó gbé e sórí Facebook, àwọn èèyàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òùngbẹ ló pa èkejì! Kí ni ìrẹsì mọ̀ nípa ìyẹn? Ohun tí ìdánwò rẹ̀ fi hàn kò ju pé ata ń mu omi lọ, ìyẹn ò sì ṣàjèjì sí àgbẹ̀ kankan.

Bí ike ìkíní bá gba ife omi ìrẹsì kan láàárọ̀, kí èkejì gba ife omi lásán kan láàárọ̀ yẹn kan náà. Kí iyẹ̀pẹ̀ wọn wá láti ibì kan náà, kí oòrùn tó ń pa ọ̀kan máa pa èkejì, kí hóró tí a gbìn wá láti inú ata kan náà bó bá ṣeé ṣe. Ìfiwéra kì í ṣe ọmọ òrukàn tí a pa tì sígun ilé. Ìbejì ni, gbogbo ohun tí a bá ṣe fún Táíwò la gbọ́dọ̀ ṣe fún Kẹ́hìndé, àyàfi ohun kan ṣoṣo tí a fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀.

Ìdánwò kan wà tí gbogbo ẹni tó ka bàọ́lọ́jì nílé ẹ̀kọ́ girama máa rántí, èyí tí a fi ń mọ̀ bóyá ewé nílò kábọ́ọ̀nù dàíọ́sáìdì, gáàsì kan tó wà nínú afẹ́fẹ́, kó tó lè ṣe sítáàṣì, ìyẹn oúnjẹ tí ewé ń ṣe pamọ́. A gbé òdòdó inú ìkòkò sínú òkùnkùn títí sítáàṣì ara ewé rẹ̀ á fi tán. A wá ti ewé kan bọ inú ìgò tó ní potassium hydroxide, èyí tó ń fa kábọ́ọ̀nù dàíọ́sáìdì mu, a gbé e sínú oòrùn, lẹ́yìn náà a fi áyódìn yẹ̀ ẹ́ wò. Ewé tó bá ní sítáàṣì á dúdú bí aró. Èyí tí kò ní kò ní dúdú. Ewé wo wá ni ìfiwéra? Àwọn kan á ní èyíkéyìí tó wà níta ìgò. Àmọ́ èyí tó wà níta kò sí nínú ìgò, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, ooru kò sé e mọ́. Bí àbájáde bá yàtọ̀, ta ló máa búra pé ìgò kọ́ ló fà á? Olùkọ́ tó mọṣẹ́ á ti ewé kejì náà bọ inú ìgò, irú kan náà, á dí i bákan náà, omi lásán ni yóò bù sí i dípò potassium hydroxide. Omi yẹn ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í mọ ohun tó wá ṣe.

Ẹni tó fi irú àṣìṣe yìí hàn mí kedere jù ni Francesco Redi, oníṣègùn ará Ítálì tó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1668. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ èèyàn, tí àwọn ọ̀mọ̀wé wà nínú wọn, gbà pé ẹran tó bá jẹrà fúnra rẹ̀ ló ń di ìdin. Kí ẹ má rẹ́rìn-ín wọn o. Ẹ̀wà tó wà nínú àpò nílé, tí kòkòrò kàn ń jáde nínú rẹ̀ ṣáá, mélòó nínú wa ni kò tíì sọ pé ẹ̀wà náà “ti di kòkòrò”? (Kòkòrò ti lè yé ẹyin sí i láti oko, kí ẹ̀wà tó dé ọjà rárá.)

Redi kó òkú ejò, ẹja àti ẹran ọmọ màlúù sínú àwọn ìgò ẹlẹ́nu gbàgàdà, ó dí wọn pa. Ó kó irú ẹran kan náà sínú àwọn ìgò mìíràn, ó ṣí ẹnu wọn sílẹ̀. Eṣinṣin ń wọlé, wọ́n ń jáde nínú àwọn tó ṣí, kò sì pẹ́ tí ìdin fi gba ibẹ̀ kan. Nínú àwọn tó dí, ẹran jẹrà, ó rùn, kò sí ìdin kankan.

Ẹlòmíràn ì bá ti káṣọ rẹ̀ nílẹ̀, kó máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ takò ó ṣì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu: “O dí ìgò pa, afẹ́fẹ́ tuntun kò wọlé. Bóyá àìsí afẹ́fẹ́ ni kò jẹ́ kí ẹran di ìdin.” Òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni. Ohun tó wà láàárín ìgò tó ṣí àti èyí tó dí, méjì ni: eṣinṣin àti afẹ́fẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí méjèèjì bá ṣì so pọ̀, kò sẹ́ni tó lè dá ẹjọ́ náà. Redi tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, aṣọ tín-ín-rín láti Naples ló fi bo ẹnu ìgò, èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá tí eṣinṣin kò lè gbà. Afẹ́fẹ́ wọlé, eṣinṣin dúró síta, ẹran náà kò sì yọ ìdin. Ìgò aláṣọ yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn sáyẹ́ǹsì. Aṣọ lásán ni, ó sì dá ẹjọ́ tó ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sínú gàrí. Láàárín máńgòrò inú àpò ìyá mi àti èyí tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ohun méjì náà ló wà: ọ̀kan wà nínú gàrí, ó sì tún wà níbi tí a dé e mọ́. Bí ti inú gàrí bá kọ́kọ́ pọ́n, èwo ló fà á? Nítorí náà, ọ̀kan sínú gàrí, ọ̀kan sórí tábìlì, ọ̀kan sínú àpò tó ṣófo tí a so ẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó yé e délẹ̀ á tún rì ọ̀kan mọ́ inú ìrẹsì gbígbẹ. Bí ti ìrẹsì àti ti gàrí bá jọ pọ́n, a jẹ́ pé gàrí kò ní agbára kan tí ìrẹsì kò ní.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ti hàn sí àwọn onímọ̀ tipẹ́. Máńgòrò, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ àti píà, bí wọ́n bá ti gbó, àwọn fúnra wọn ló ń tú gáàsì kan tó ń jẹ́ ẹ́tílíìnì jáde, gáàsì yìí ló sì ń mú wọn pọ́n. Lórí tábìlì, atẹ́gùn á gbé e lọ. Níbi tí a bá dé e mọ́, á kó jọ, èso á sì yára pọ́n. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó ti pọ́n fi lè kó ìkánjú ran gbogbo àwọn tó bá a wà nínú àpò. Gàrí ń ṣiṣẹ́, ẹ má gbọ́ mi ṣì. Iṣẹ́ ìdérí ló ń ṣe. Ọsàn kò sí nínú ẹgbẹ́ yìí. Ẹ ri ọsàn kíkan mọ́ gàrí títí, bó ṣe kan náà ni ẹ ó ṣe bá a.

Ó ku ohun kan tí mi ò fi bẹ́ẹ̀ kà sí tẹ́lẹ̀: ta ló ń yan máńgòrò tó ń lọ sínú gàrí? Ìyá mi ni, ó sì ń fọwọ́ tẹ̀ wọ́n wò. Èyí tó ti ń rọ̀ díẹ̀ ló ń wọ inú gàrí, èyí tó le bí òkúta ló ń fi sílẹ̀ fún àwa ọmọ láti fi jẹ iyọ̀. Gàrí ti borí kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò yìí, kó má fọwọ́ ara rẹ̀ yàn. Kó kọ nọ́ńbà sára wọn, kó ṣẹ́ kèké. Kó má sì lo ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Márùn-ún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí máńgòrò kan lè ní kòkòrò nínú, kó sì tètè rọ̀ nítorí ìyẹn.

Ìfiwéra lè gba nǹkan mìíràn pátápátá, kó má gba òfo. Nínú oṣù karùn-ún ọdún 1747, James Lind, oníṣègùn nínú ọkọ̀ ogun HMS Salisbury ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú àwọn atukọ̀ 12 tí scurvy, àìsàn tí àìjẹ èso àti ẹ̀fọ́ tútù ń fà, ń bá jà. Ibì kan náà ni wọ́n ń sùn, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ, ó wá pín wọn ní méjì-méjì. Àwọn méjì ń mu omi òkun, àwọn méjì ń mu fínígà, àwọn méjì ń jẹ ọsàn méjì àti òroǹbó kíkan kan lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ kẹfà ni ọsàn tán nínú ọkọ̀. Àmọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́sàn ti lè padà sẹ́nu iṣẹ́, èkejì ni wọ́n sì fi ṣe olùtọ́jú àwọn tó kù nílẹ̀. Ká ní àwọn méjì yìí nìkan ló tọ́jú, ẹnì kan ì bá ní ìsinmi ló wò wọ́n sàn. Àwọn 10 yòókù sinmi bákan náà.

Tó bá jẹ́ èèyàn ni a ń dán wò, ìrètí pé ara yóò yá náà ń ṣe tiẹ̀. Ní nǹkan bí 1796, Elisha Perkins ní Amẹ́ríkà ń ta ọ̀pá irin kékeré méjì tó ní wọ́n ń fa ìrora jáde lára. Owó gọbọi ni. Ní 1799, dókítà John Haygarth ní ìlú Bath ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbẹ́ tirẹ̀ láti ara igi, ó kùn ún kó lè jọ irin, ó sì fi í ra àwọn aláìsàn márùn-ún lára. Mẹ́rin nínú wọn ní ara tu àwọn. Lọ́jọ́ kejì ó lo irin gidi, nǹkan bákan náà ló ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó lo irin fún àwọn kan, tí kò sì fọwọ́ kan àwọn tó kù, ògo ì bá jẹ́ ti irin.

Mo ròyìn gbogbo èyí fún ìyá mi lórí fóònù nígbà tí máńgòrò tún dé. Mo sọ ti ẹ́tílíìnì, ti àpò òfìfo, ti ìrẹsì. Ó gbọ́ mi tán, ó wá bú sẹ́rìn-ín. “Ta ló sọ fún ẹ pé torí kó lè pọ́n ni mo ṣe ń kó o síbẹ̀? Ibẹ̀ nìkan ni ẹ̀yin ọmọ kò ti lè yọ ọ́ jẹ kí gàrí má dà sílẹ̀, kí n má sì mọ ẹni tó ṣe é.”