Olùrànlọ́wọ́ olóhùn ní ibi iṣẹ́ àjùmọ̀lò ní Àjàṣẹ́

Olùrànlọ́wọ́ olóhùn ni ètò kọ̀ǹpútà tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, tó ń fi ohùn dáhùn, tó sì ń jẹ́ iṣẹ́ tí a bá rán an. A lè ní kó pe ènìyàn, kó kọ lẹ́tà tí a ń sọ fún un, tàbí kó rán wa létí ìpàdé. Siri ti Apple jáde pẹ̀lú iPhone 4S ní oṣù kẹwàá ọdún 2011. Alexa ti Amazon jáde nínú ẹ̀rọ Echo ní 2014. Google Assistant dé ní 2016. Fóònù ẹnì kan tàbí pálọ̀ ìdílé kan ni wọ́n ṣe wọ́n fún ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá wọ yàrá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ háyà láti máa ṣiṣẹ́, bó ṣe ń rí ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo tó jẹ́ olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin, ohun tí ẹnì kan gbé wá di ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀.

Bó ṣe ń gbọ́ràn

Máíkì ẹ̀rọ náà kì í sùn. Ohùn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló ń tọ́jú, tó ń fi wé ọ̀rọ̀ ìpè rẹ̀, bíi «Alexa» tàbí «OK Google»; bí kò bá bá a mu, á pa á rẹ́. Bó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, tàbí tó rò pé òun gbọ́ ọ, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e sábà máa ń lọ sórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Àṣìgbọ́ kò ṣọ̀wọ́n. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí tẹlifíṣọ̀n ní San Diego, Amẹ́ríkà, tún ọ̀rọ̀ ọmọdé kan sọ, èyí tó fi Alexa ra ilé bèbí. Àwọn òǹwòran sì fẹjọ́ sùn pé Echo tiwọn náà fẹ́ lọ rà á. Rédíò tó ń ké nínú bírò lè ṣe bákan náà.

Ní 2019 ni ó hàn síta pé Amazon, Google àti Apple ń gba àwọn òṣìṣẹ́ láti gbọ́ díẹ̀ nínú ohùn tí wọ́n gbà, kí ẹ̀rọ lè gbọ́n sí i. Apple dá tirẹ̀ dúró ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ó sì tọrọ àforíjì. Ohùn oníbàárà tó wá sọ gbèsè rẹ̀ nídìí tábìlì kejì lè wà lára ohun tí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́, bẹ́ẹ̀ oníbàárà ọ̀hún kò mọ̀ pé ẹ̀rọ wà níbẹ̀.

Èdè àti ìkíni

Nínú bírò Àjàṣẹ́, èdè Yorùbá, Ègùn àti Faransé ló ń rìn pọ̀, nígbà mìíràn nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Faransé nìkan ni Siri àti Alexa gbọ́. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ju ti àìgbọ́ èdè lọ. Ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ kí àwọn tó bá nílé, àwọn náà gbọ́dọ̀ dáhùn; ẹni tó bá dákẹ́, a óò ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Ká ní akọ̀wé kan ń pe lẹ́tà Faransé sínú fóònù rẹ̀. Ó dé «Monsieur le Directeur, suite à notre», ni àgbàlagbà kan bá wọlé: «Ẹ kú iṣẹ́ o.» Akọ̀wé dáhùn: «Òo, ẹ káàbọ̀, bàbá. Ẹ kú ìrìn.» Fóònù kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ Faransé tó bá jọ ohun tó gbọ́ ni yóò wá, yóò sì tò ó sáàárín lẹ́tà ọ̀gá. Nítorí náà, kí akọ̀wé kọ́kọ́ tẹ máíkì pa kó tó dáhùn ló dára jù. Ìkíni kì í ṣe ohun tí a ń fi du ènìyàn nítorí ẹ̀rọ.

Àṣẹ tí a ń pa fún ẹ̀rọ náà ń fa àṣìgbọ́. Ọ̀dọ́ tó bá kígbe «Arrête!» kí ẹ̀rọ lè dákẹ́, àgbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè rò pé òun ni wọ́n ń bá wí. Títẹ bọ́tìnì kò mú irú rẹ̀ wá.

Yorùbá ti ń wọ inú iṣẹ́ náà díẹ̀díẹ̀. Ó wà lára èdè tí ètò Whisper ti ilé-iṣẹ́ OpenAI gbà ní 2022, ó sì wà nínú ètò MMS tí ilé-iṣẹ́ Meta gbé jáde ní 2023, tó gba èdè tó lé ní 1,100. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ń sọ di àkọsílẹ̀. Wọn kì í jẹ́ iṣẹ́ bíi Siri.

Òfin àti ìlò

Òfin 2017-20 ti ogúnjọ́ oṣù kẹrin ọdún 2018, tó jẹ́ àkójọ òfin orílẹ̀-èdè Benin lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé, ka ohùn àti àwòrán mọ́ ìsọfúnni tó jẹ́ ti ara ẹni. Àjọ APDP, tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni ní Benin, ló ń mójú tó o. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ sáàárín yàrá ló yẹ kó sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kó sì gbà bí wọ́n bá kọ̀.

Àkáǹtì ẹnì kan ni ẹ̀rọ ń lò, nítorí náà ó lè ka ìpàdé ìdákọ́ńkọ́ olówó rẹ̀ jáde sétí gbogbo yàrá. Láti 2017 ni Google Home ti lè dá ohùn oníkálukú mọ̀, èyí tó dín ewu yìí kù. Bọ́tìnì tó ń pa máíkì wà lórí Echo. Iná pupa ló ń fi hàn pé etí rẹ̀ ti dí. A lè pa ohùn tó ti gbà rẹ́, tàbí ká ní kó máa pa ara rẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tàbí méjìdínlógún.

Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, ọ̀pọ̀ nínú wọn á yadi. Láti 2021, Siri lórí àwọn iPhone tuntun lè ṣètò aago ìtanijí tàbí kó ṣí ètò kan láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ohùn náà kò sì ní kúrò lórí fóònù.