“Fi RAM kún un”: agbo jẹ̀dí àwọn onígéèmù

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi kan pè mí láti Ìbàdàn. “Ẹ̀gbọ́n, géèmù GTA V tí mo fi sórí láptọ́ọ̀pù mi ń fà bí ìgbín. Bí mo bá ní kí ọkọ̀ yà sọ́tùn-ún, á ti kọlu ògiri tán kó tó yà. Wọ́n ní kí n lọ fi RAM kún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.” Èmi rò pé ọ̀rọ̀ ló ní kí n dá sí. Owó ló ń sọ.

RAM ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń to ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí, GB ni wọ́n sì fi ń wọn bí ó ti tóbi tó. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti gbọ́ ìmọ̀ràn yìí mọ́. Géèmù kò ṣí? RAM. Géèmù ń dúró lójú kan? RAM. Láptọ́ọ̀pù gbóná débi pé o lè fi lọ aṣọ? Ẹnì kan á ṣì wà níbẹ̀ tí yóò ní RAM ló kéré. Ó ti dà bí agbo jẹ̀dí tí ìyá alágbo ń bù fún gbogbo ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀, ì báà jẹ́ ìdí ló ń dùn ún, ì báà jẹ́ etí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́: RAM wúlò. Bí géèmù bá ní òun fẹ́ 8GB, tí o sì gbé 4GB kalẹ̀ fún un, Windows fúnra rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bu tirẹ̀, Chrome tí o gbàgbé láti pa yóò bu tirẹ̀, ìyókù ni géèmù yóò máa lá. Ohun tí kò bá gbà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò máa gbé e lọ sórí háàdì díìsìkì, yóò tún máa gbé e bọ̀, géèmù yóò máa lọ díẹ̀, yóò máa dúró díẹ̀. Ẹni tó bá wà nírú ipò yìí, kó fi RAM kún un, kó sì máa lọ ní àlàáfíà. (Kó kọ́kọ́ wò ó bóyá Windows 32-bit kọ́ ló wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀ o. Ìyẹn kì í lò ju nǹkan bí 4GB lọ, kódà bí o bá kó 32 síwájú rẹ̀.) Kì í ṣe òun ni mò ń bá wí.

Àbúrò mi yìí ní 8GB. 8GB ni àwọn tó ṣe GTA V fúnra wọn dámọ̀ràn nígbà tí wọ́n gbé e jáde fún kọ̀ǹpútà ní oṣù kẹrin ọdún 2015. 4GB ni wọ́n ní ó kéré jù. Nípa ti RAM, ó ti yege. Ṣùgbọ́n ìlà mìíràn wà nítòsí ìlà RAM nínú àkọsílẹ̀ ohun tí géèmù ń béèrè, ìlà tí mo gbà pé omi ni wọ́n fi kọ ọ́, nítorí kò jọ pé ẹnikẹ́ni ń rí i: ìlà graphics, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà. Káàdì GTX 660 tó ní ibi ìkẹ́rùsí 2GB tirẹ̀ ni wọ́n dámọ̀ràn níbẹ̀. Mo bi í pé irú graphics wo ló wà nínú tirẹ̀.

“4GB ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó tà á fún mi fi hàn mí lójú ẹ̀rọ.”

Ibí yìí gan-an ni orí mi ti máa ń gbóná. Ẹ jẹ́ kí n jókòó tì í.

Ohun tí ẹni tó tà á ṣe, ẹni tó bá ti ra láptọ́ọ̀pù tókùnbọ̀ rí ti lè rí i, láti Òtìgbà ní Ìkẹjà dé ìsọ̀ tó wà ní kọ̀rọ̀ àdúgbò yín. Wọ́n á tẹ dxdiag, ètò Windows tó ń fi ohun tó wà nínú ẹ̀rọ hàn, wọ́n á lọ sí Display, wọ́n á wá fi ìka tọ́ka sí ibi tí wọ́n kọ “Approx. Total Memory” sí. Nọ́ńbà kan á wà níbẹ̀ tó sún mọ́ 4000MB. “Ṣé ẹ rí i? Graphics 4GB.” Kò parọ́ o. Nọ́ńbà náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí nọ́ńbà náà ń kà ni kò sọ, bóyá nítorí pé òun náà kò mọ̀ ọ́n.

Púpọ̀ nínú àwọn láptọ́ọ̀pù tókùnbọ̀ yìí, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe nílùú òyìnbó kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Intel HD Graphics 520 tàbí 620, tàbí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn, ló sábà máa ń wà nínú wọn. Irú graphics yìí wà nínú prọ́sẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, fúnra rẹ̀, kò sì ní ibi ìkẹ́rùsí kankan tó dá ní. Inú RAM ló ti ń yá. Windows gbà á láyè kó yá tó nǹkan bí ìdajì RAM tó wà nílẹ̀. Ìdajì 8GB ni 4GB. Nítorí náà, “graphics 4GB” tí wọ́n fi han àbúrò mi, RAM tó ti sanwó fún ni wọ́n tún kà fún un lẹ́ẹ̀kejì lórúkọ mìíràn. Bí ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà lápò, tí wọ́n wá sọ fún un pé ẹgbẹ̀rún méjìlá ló ní, torí pé ìyàwó rẹ̀ lè tọrọ mẹ́rin nínú rẹ̀.

Lójú ibi kan náà, ìlà mìíràn wà tí ìka wọn kì í dé: “Display Memory (VRAM)”, èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún graphics nìkan. Lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, 128MB ló sábà máa ń wà níbẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí àbúrò mi bá lọ fi RAM kún un, tó di 16GB. Yóò tún tẹ dxdiag, yóò sì rí i pé graphics òun ti di 8GB. Ó di ìlọ́po méjì lóru ọjọ́ kan, kò jẹun, kò mu. Káàdì GTX 1050 tí àwọn èèyàn dìídì ń rà fún géèmù ní 2016 jáde pẹ̀lú 2GB. Bí a bá tẹ̀lé ìṣirò yìí, láptọ́ọ̀pù tí akọ̀wé kan fi ń tẹ lẹ́tà ní Manchester fi ìlọ́po mẹ́rin ju káàdì géèmù lọ. Ẹ̀rín ló yẹ ká fi rín, àmọ́ owó gidi ni wọ́n ń san lé e lórí.

Ohun tí nọ́ńbà yẹn kò lè sọ ni bí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ti lágbára tó. Kí géèmù tó lè máa lọ geere, graphics ní láti ya àwòrán tuntun 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ó bá ṣeé ṣe kó tó 60. Ẹ ro ti ibi tí wọ́n ti ń lọ ata lọ́jà. RAM ni ilẹ̀ tó wà níwájú ẹ̀rọ, níbi tí àwọn èèyàn ń to abọ́ ata wọn sí. Bí ilẹ̀ náà bá há, àwọn kan á gbé abọ́ dúró sí títì, ariwo á sọ. Ẹ fẹ ilẹ̀ náà, ó dára. Ṣùgbọ́n bí abọ́ mẹ́wàá péré bá wà nílẹ̀, tí ilẹ̀ sì gba ogún, tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ ata fúnra rẹ̀, kí ni ilẹ̀ tí ẹ tún fẹ̀ fẹ́ ṣe fún ìyá tó ń dúró de ata rẹ̀?

Ẹnu ẹ̀rọ náà ńkọ́? RAM kan ṣoṣo irú èyí tí wọ́n ń pè ní DDR4 2400 lè gbé nǹkan bíi 19GB kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, prọ́sẹ́sọ̀ àti graphics ni yóò sì jọ máa du 19 yẹn. GTX 1050 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, 112GB ni tirẹ̀ ń gbé, kò sì bá ẹnikẹ́ni pín in. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà, kò sí nínú iye GB tí wọ́n kọ sára páálí.

Àwọn kan tún gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á wọ inú BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà, lọ fi kún VRAM, tàbí kí wọ́n kọ nọ́ńbà kan sínú registry, ìwé àkọsílẹ̀ ètò Windows, kí géèmù lè gbà pé 512MB wà níbẹ̀. Ó máa ń ṣiṣẹ́ fún ohun kan: géèmù tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń ní VRAM rẹ kò tó yóò jẹ́ kí o wọlé. Nígbà tí o bá wọlé tán, ẹ̀rọ ata ọlọ́wọ́ yẹn náà lo máa bá níbẹ̀.

Ti pé géèmù ń pẹ́ kó tó ṣí, ẹ̀wẹ̀, ẹ má tíì mú RAM lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. GTA Online, apá GTA V tí àwọn èèyàn ti ń jọ ṣeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni ẹlẹ́rìí mi. Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn èèyàn fi jókòó ti géèmù yìí ní ìṣẹ́jú márùn-ún, mẹ́fà, kó tó gbà wọ́n wọlé, tí wọ́n ń ra RAM, tí wọ́n ń ra SSD, díìsìkì tó yára. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021, ẹnì kan tó ń jẹ́ t0st lórí íntánẹ́ẹ̀tì tú inú géèmù náà wò. Ohun tó bá níbẹ̀ ni fáìlì ọjà kan tó tó 10MB, tí nǹkan bíi 63,000 ọjà wà nínú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí géèmù bá fẹ́ ka ohun kan nínú fáìlì náà, yóò kọ́kọ́ wọn gbogbo ìyókù fáìlì láti ibẹ̀ dé òpin. Bí ó bá kà á tán, yóò tún fi í wé gbogbo èyí tó ti kà tẹ́lẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ro akọ̀wé báńkì tó ń ka gbogbo owó inú ilé ìfowópamọ́ látìbẹ̀rẹ̀ kó tó dá oníbàárà kọ̀ọ̀kan lóhùn. t0st tún un ṣe, ìṣẹ́jú mẹ́fà tirẹ̀ sì di ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 50. Rockstar, ilé iṣẹ́ tó ni géèmù náà, gbà pé òótọ́ ló sọ, wọ́n tún géèmù náà ṣe ní oṣù kẹta ọdún yẹn, wọ́n sì fún un ní $10,000. Àwọn tó ti ra RAM, n kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni dá owó wọn padà.

Ooru ńkọ́? Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n gbé lé orí bẹ́ẹ̀dì, tí eruku ọdún mẹ́ta ti dí fáànù rẹ̀, yóò dín agbára ara rẹ̀ kù kó má baà jóná. Géèmù á lọ dáadáa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Iná ńkọ́? Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù kì í lo gbogbo agbára wọn lórí bátìrì. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé bí wọn kò bá dá ṣájà mọ̀, irú èyí tí a rà lójú títì, ńṣe ni wọ́n á máa rìn bí arúgbó, bátìrì kò sì ní gba iná. Mo mọ ẹnì kan tó ra RAM nítorí ọ̀rọ̀ ṣájà.

Ti géèmù tí kò tiẹ̀ ṣí rárá, tó ń kọ pé VCRUNTIME140.dll sọnù, ìyẹn kò jọ RAM níbi kankan. Visual C++ Redistributable, àkójọ fáìlì Microsoft tí géèmù gbára lé, ni kò sí lórí ẹ̀rọ náà. Ọ̀fẹ́ ni, ọ̀dọ̀ Microsoft fúnra wọn ni kí ẹ ti lọ mú un. Ẹ má lọ gba dll kan ṣoṣo lórí sáìtì tí ẹ kò mọ ẹni tó ni ín. Ohun tó máa bá fáìlì náà wọlé lè jẹ́ ohun tó ń ka ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn áàpù tó ń ní àwọn máa sọ RAM yín di púpọ̀. Ní 1995, ilé iṣẹ́ Syncronys ní Amẹ́ríkà ta sọ́fíwíà kan tó ń jẹ́ SoftRAM95, wọ́n ní yóò sọ RAM di ìlọ́po méjì. Àwọn èèyàn rà á yanturu. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kò fi RAM kankan kún ohunkóhun, FTC tó ń gbèjà oníbàárà ní Amẹ́ríkà sì gbé ọ̀rọ̀ náà kò wọ́n lójú. Ọgbọ̀n ọdún rèé, orúkọ nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀.

Mo fẹ́ sọ fún àbúrò mi pé kó má ra RAM rárá, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á tán. Mo ní kó ṣí Task Manager, ibi tí Windows ti ń fi hàn bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́, nígbà tí géèmù ń lọ, kó wọ Performance, kó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Memory, ìyẹn RAM, wà ní 6.1 nínú 7.9GB. GPU, ìyẹn graphics, wà ní 100%. Ẹ̀rọ ata ló ń mí hẹlẹhẹlẹ, ilẹ̀ ṣì kù. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àmọ́ nǹkan kan tún wà nínú fọ́tò náà: “Slots used: 1 of 2”. 8GB rẹ̀, RAM kan ṣoṣo ni, ojú kejì ṣófo. Bí ó bá fi òmíràn tó bá a mu sí ojú tó ṣófo yẹn, 19GB tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yóò di nǹkan bíi 38GB, ẹnu ẹ̀rọ ata á fẹ̀. Graphics tó ń yá RAM lò sì máa ń jàǹfààní irú rẹ̀. Nínú géèmù kan ó máa ń hàn sójú, nínú òmíràn ẹ kò ní fura. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ìmọ̀ràn tí wọ́n fún un ṣiṣẹ́ díẹ̀, nítorí ìdí tí ẹni tó gbà á nímọ̀ràn kò mọ̀. Bí ó bá sì lọ yọ 8GB yẹn, tó fi 16GB kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀, owó ti wọmi nìyẹn. Àwọn láptọ́ọ̀pù mìíràn wà tí wọ́n jó RAM wọn mọ́ bọ́ọ̀dù pátápátá, tí kò sí ojú kankan tó ṣófo. Ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó.

Mo kọ gbogbo èyí ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp: ata, ẹ̀rọ, 19, 38, kó kọ́kọ́ dín resolution, ìyẹn iye àmì tó ń para pọ̀ di àwòrán, kù sí 1280×720, kó gbọn eruku inú fáànù. Ó kà á. Mo rí àmì búlúù méjì. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí ló tó fèsì.

“Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ pé kò sówó lọ́wọ́ yín ni, ẹ ṣáà sọ.”