Ẹyẹ tó ń mu omi ṣúgà lẹ́yìnkùlé: ṣé ọtí ló ń mu ni?

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Robert Dudley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley gbé ìwádìí jáde pé ẹyẹ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní hummingbird ń mu ọtí díẹ̀díẹ̀ mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ba àwọn èèyàn wa ní Amẹ́ríkà tó ń so ike omi ṣúgà sẹ́yìnkùlé lẹ́rù: ṣé àwọn ló ń fún ẹyẹ lọ́tí?

Ẹyẹ wo tiẹ̀ nìyí?

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti àríwá dé gúúsù, nìkan ló ń gbé. Èyí tó ń wá sí ọgbà àwọn ará Maryland àti Houston nígbà ooru ni èyí tí ọ̀fun akọ rẹ̀ pọ́n yòò. Nǹkan bíi gíráàmù 3 péré ló wọ̀n. Apá rẹ̀ ń lù tó ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òun ló fi ń kùn bí oyin.

Mo ti rí i n'Ìbàdàn.

Rárá o, sunbird lẹ rí. Òun náà ń mu omi dídùn inú òdòdó, ó sì fẹ́ràn òdòdó ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ìbátan. Sunbird sábà máa ń bà lé ẹ̀ka kó tó ki ẹnu bọ òdòdó. Hummingbird á dúró sójú kan lófuurufú, á mu tán, á sì fò padà sẹ́yìn.

Níbo ni ọtí ti wá?

Ẹ rántí ẹmu. Èyí tí wọ́n gbé sọ̀ láàárọ̀ dùn. Tó bá fi máa di alẹ́, ó ti kan. Yíìsì, ohun abẹ̀mí tí ojú lásán kò lè rí, ló ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀ tó ń sọ ọ́ di ọtí. Yíìsì wà nínú òdòdó pẹ̀lú, ó sì lè dé inú ike yín. Ẹnikẹ́ni kò da ọtí sí i.

Àwọn onímọ̀ náà wá fẹ́ mọ ìwọ̀n tí ẹyẹ lè gbà. Wọ́n gbé omi ṣúgà kalẹ̀: òmíràn kò ní ọtí rárá, òmíràn ní ìdá 1 nínú 100, òmíràn ní ìdá 2. Ẹyẹ mu èyí tó ní ìdá 1 bó ṣe ń mu èyí tí kò ní ọtí. Nígbà tó di ìdá 2, nǹkan bí ìlàjì ló mu. Èyí wú mi lórí gan-an: ẹyẹ tín-ín-tín bẹ́ẹ̀ mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Ṣé ọtí náà ń pa á?

Kò dà bẹ́ẹ̀. Ọkàn rẹ̀ lè lù ju ìgbà 1,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, kíá ni ara rẹ̀ sì ń jó ohun tó bá mu. Kí ebi má baà pa á kú lóru, ó lè jẹ́ kí ara rẹ̀ tutù, kó dúró gbagidi lórí ẹ̀ka. Bí ẹ bá bá a bẹ́ẹ̀ ní ìdájí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Kò tíì kú, kò sì mutí yó.

Kí ni kí n ṣe sí omi ṣúgà mi?

Ife ṣúgà funfun 1 sí ife omi 4. Ẹ má fi oyin sí i, ẹ má fi aró pupa sí i. Bí ooru bá mú, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ tàbí lọ́jọ́ méjì-méjì, kí ẹ sì fi omi gbígbóná fọ ike náà. Omi tó bá ti dàrú tàbí tó ń hó bí ẹmu, ẹ dà á nù.

Bí mo bá ń bọ́ ọ, ṣé kò ní rìnrìn-àjò lọ mọ́ nígbà tí ooru bá parí?

Á lọ. Bí ọjọ́ ṣe ń kúrú sí i ló ń sọ fún un pé àkókò ìrìn ti tó. Ọ̀pọ̀ wọn ń fò kọjá òkun tó wà láàárín Amẹ́ríkà àti Mẹ́síkò, nǹkan bíi kìlómítà 800, láìsinmi. Nítorí náà ẹ má tètè gbé ike yín wọlé. Èyí tó bá kẹ́yìn ń wá ohun tí yóò mu kó tó gbéra.

Ṣé mo lè mú ọ̀kan sílé?

Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1918 lórí àwọn ẹyẹ arìnrìn-àjò kò gbà á.

Kí ló wá yẹ kí n bẹ̀rù?

Ológbò àti fèrèsé. Ẹ so ike náà sókè ju ibi tí ológbò lè fò dé. Ní ti fèrèsé, ẹyẹ kì í rí gíláàsì, àwòrán igi inú rẹ̀ ló ń rí. Ẹ lẹ nǹkan mọ́ gíláàsì náà láti ìta, kí ó sún mọ́ra wọn dáadáa.